Stamatis Méjì, Wáyà Kan

Orí igi ólífì ni Ploumi wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wáyà náà dé. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé igi kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà. Oṣù kọkànlá ọdún 1985 ni. Àwọ̀n ti wà nílẹ̀ yí ìdí igi ká, ó ń fi ọ̀pá lu ẹ̀ka, èso ń já bọ́ sílẹ̀ pàràpàrà. Bí ó bá háyà èèyàn, ìdá kan nínú mẹ́ta èso yóò bá alágbàṣe lọ. Nítorí náà kì í háyà ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 1967 tí ọkọ̀ ti rì mọ́ Kosmas ọkọ rẹ̀ lórí, òun nìkan ló ń ká igi mọ́kànlélógójì yẹn, òun náà ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Marigo, obìnrin tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú Kardámila, ló dúró lábẹ́ igi, ó ń pariwo.

“Ìyá Stamatis! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, wáyà dé!”

Ẹsẹ̀ Ploumi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo ló ti gbà rí láyé rẹ̀, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di opó.

“Ta ló kú?”

“Olúwa má jẹ̀ẹ́! Kò sẹ́ni tó kú. Stamatis ló ń bọ̀ nílé.”

Kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, Loukia ti yọ lẹ́yìn Marigo, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyẹ̀fun bò ó lọ́wọ́ dé ìgùnpá. Ìyàwó Sidoris ni Loukia, Sidoris, tí ìwé ìjọba ń pè ní Isidoros, sì ni àbúrò Kosmas. Iwájú ilé rẹ̀ ni Marigo kọ́kọ́ gbà kọjá, ó sì ti kígbe ìròyìn náà síbẹ̀, nítorí “Ìdílé Kouvaras, Kardámila” nìkan ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn wáyà náà. Nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: “Stamatis Kouvaras dé Áténì Ọjọ́bọ̀.” Ó parí.

“Ìyálé mi, ẹ bá mi yọ̀,” ni Loukia wí. “Ọmọ mi ń bọ̀!”

“Ọmọ ta?”

“Ọmọ mi. Stamatis.”

“Stamatis tèmi ti lo oṣù mẹ́rìnlá lórí omi, méjìlá ló sì bá wọn ṣàdéhùn. Tìrẹ ti lo mélòó?”

“Méje. Ṣùgbọ́n oṣù tó ń bọ̀ nìyàwó rẹ̀ máa bímọ, ó sì ti bẹ ọ̀gá ọkọ̀ pé—”

“Ìyàwó ta ni kì í bímọ? Mo bí mẹ́ta, kò sí èyí tí Kosmas wà nílé fún. Bí gbogbo ẹni tíyàwó rẹ̀ lóyún bá ń sáré bọ̀ wálé, ta ni yóò máa wa ọkọ̀? Ẹja?”

Marigo bú sẹ́rìn-ín. Loukia ò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí wáyà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ploumi ti yá ju tirẹ̀ lọ. Ó já a gbà, ó ká a kékeré, ó tì í bọ àyà aṣọ.

“Tèmi ni,” ó wí. “Lọ fọ ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ. Oṣù méje péré, ó ti ń ké bí ọmọ ọmú.”

Gbogbo ẹni tó wà lóko ìtòsí ló gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì bá tí le bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti orúkọ. Ní Kardámila, bí gbogbo erékùṣù Kíọ́sì, ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tí èèyàn bá bí, orúkọ bàbá ọkọ ni yóò jẹ́. Wọn kì í jíròrò rẹ̀. Stamatis ni bàbá Kosmas àti Sidoris ń jẹ́. Kosmas bí ọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Stamatis, Sidoris náà bí tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Stamatis. Ará ìlú ń fi orúkọ ìyá pè wọ́n: Stamatis Ploumi, Stamatis Loukia. Nínú ìwé ìjọba, orúkọ bàbá ni wọ́n ń kọ tẹ̀lé e kí wọ́n má bàa ṣì wọ́n mú. Àwọn méjèèjì sì wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan náà, nítorí ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ tó gba ọ̀kan ló gba èkejì. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ti Ploumi, ẹnjiníà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ti Loukia, òkè ọkọ̀, níbi okùn àti ẹrù, ló ti ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà ní Pireo, èbúté Áténì, mọ gbogbo èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá owó lé nínú wáyà. Ó yọ orúkọ bàbá kúrò, ó jèrè ọ̀rọ̀ kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, ilé méjèèjì ló ń se àsè. Ploumi pa àkùkọ, ó ń sè é pẹ̀lú ẹyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ń gbọ́ òórùn ẹran tí Loukia ń yan ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ní agogo mọ́kànlá ku díẹ̀, Leonis dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kápítéènì tó ti fẹ̀yìn tì ni Leonis, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

“Ploumi, jókòó.”

“Mo ń po ẹyin, Kápítéènì, bí mo bá dúró ó máa dì. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ó sọ ọ́. Àwọn géndé mẹ́ta ti fa ìbọn yọ nínú bàálù tó gbéra ní Káírò, ní Íjíbítì tí ọkọ̀ àwọn Stamatis wà, láàárọ̀ yẹn tó ń bọ̀ ní Áténì. Wọ́n ti já a gbà. Wọ́n ti fipá mú awakọ̀ gbé e lọ sí pápá bàálù kan létí aṣálẹ̀, èèyàn mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tú àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn tó wà lẹ́wọ̀n sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á máa pa èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Rédíò ti ka orúkọ àwọn ọmọ Gíríìkì tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́jọ ni wọ́n. Èyí tó ṣìkẹrin ni: Kouvaras S., atukọ̀.

Ẹyin náà dì. Ploumi gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó da gbogbo rẹ̀ sójú àgbàrá níwájú ilé, àkùkọ àti omi rẹ̀. Ó lọ tààrà sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láìbọ́ aṣọ ìdáná.

Ó pe ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀. Akọ̀wé ló gbé e.

“A ti gbọ́, Ìyá. Inú wa ò dùn rárá.”

“Mi ò béèrè inú yín. Stamatis ọmọ Kosmas ni àbí Stamatis ọmọ Isidoros?”

“Ìjọba ti ní ká má sọ orúkọ ẹnikẹ́ni lórí tẹlifóònù.”

“Orúkọ ti wà lórí rédíò! Orúkọ bàbá ni mo ń béèrè. Ìwé rẹ̀ wà níwájú rẹ. Ṣáà wo ìwé.”

“Ọ̀gá tí ìwé àwọn atukọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò wá lónìí. Ẹ fara balẹ̀ di ọjọ́ Ajé.”

“Ẹni tí wọ́n na ìbọn sí lọ́rùn, ṣé ẹ ti sọ fún un pé kó fara balẹ̀ di ọjọ́ Ajé?”

Ó gbé tẹlifóònù kalẹ̀ mọ́ ọn létí. Ó pe ilé iṣẹ́ ìjọba ní Áténì. Ọkùnrin kan gbé e fún obìnrin kan, obìnrin náà gbé e fún ọkùnrin míì, èyí tó kẹ́yìn bi í pé, “Ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀?” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé Ploumi tí wọ́n bi í ní ìbéèrè yẹn tí kò mọ èsì, inú sì bí i débi pé ó fi ọwọ́ tẹlifóònù náà lu ògiri.

“Ìyá Stamatis, ohun ìní ìjọba ni o,” ni Marigo wí wẹ́rẹ́.

“Kí ìjọba wá gbà á lọ́wọ́ mi.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn obìnrin àdúgbò wá bá a jókòó. Wọ́n ti wé ìborí dúdú. Wọ́n ń pè é ní abiyamọ, wọ́n ń gbá a mọ́ra. Loukia ò wá. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tí kò fi wá, nítorí gbogbo wọn ló mọ ẹni tó já wáyà gbà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ploumi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tan àbẹ́là, ó sì gbàdúrà kan. Ṣókí ni àdúrà náà. Bó ti jáde ló mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kó ṣe, àti ọmọ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ òun ló wà nínú bàálù náà. Òun ló gbé ọmọ Loukia náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n tì í bọ omi ìsàmì. Ó fẹ́ padà lọ pa àbẹ́là yẹn. Kò padà. Ìyẹn náà tún bí i nínú.

Ilé kọfí ló gbà lọ. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Ti ọkùnrin ni. Ploumi wọ̀ ọ́. Rédíò wà lórí káńtà, ó ń sọ pé àwọn ajínigbé náà ti yìnbọn pa èèyàn kan, wọ́n sì ti tì í sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bàálù. Wọn ò sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní inú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ní Gásà, ni àwọn géndé mẹ́ta náà dàgbà sí, ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n ń jà fún.

Alápatà ìlú lu tábìlì. “Gbogbo àwọn ará ibẹ̀ ni ká kó dà sínú òkun! Gbogbo wọn pátá!”

“Ìwọ,” ni Ploumi wí. “Níbo ni wọ́n ti bí ọ?”

Alápatà wo ilẹ̀.

“Mo ní níbo? Sọ ọ́. Ojú ti ọ́? Nínú àgọ́ ni, ní Gásà, lọ́dún 1943, èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ọ́.”

Òótọ́ ni. Lọ́dún 1942, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba erékùṣù náà tí ebi ń pa èèyàn lójú títì, ìyá Ploumi kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ apẹja kan, wọ́n sọdá sí Tọ́kì. Láti ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó wọn lọ sí Gásà, àwọn àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Gíríìkì mìíràn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ploumi. Ọdún mẹ́ta ló fi gbé inú àgọ́ lórí iyanrìn. Ìgbẹ́ gbuuru pa àbúrò rẹ̀ obìnrin síbẹ̀. Obìnrin ará ìlú náà kan, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fawzi, máa ń mú búrẹ́dì àti ọsàn wá sí ẹnu àgọ́ wọn, òun náà ló sì fi aṣọ funfun tirẹ̀ di ọmọ náà kí wọ́n tó sin ín.

“Ẹni tó fún ìyá rẹ ní búrẹ́dì ni o ní ká dà sókun,” ni Ploumi wí. “Ìwọ alápatà yìí, ọ̀lẹ ni ọ́. Èèyàn mẹ́ta ló gbé ìbọn, ìwọ ò lè bínú sí mẹ́ta, àfi kó o bínú sí ìlú. Èmi lè bínú sí mẹ́ta. Wọ́n ní àgọ́ ni wọ́n dàgbà sí? Mo gbé àgọ́. Mo mọ bí iyanrìn ṣe ń rí nínú ẹ̀wà. Mo gbé àbúrò mi sin. Mi ò jáde lọ ki ìbọn bọ ẹnu ọmọ ọlọ́mọ tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Kí ni atukọ̀ tó ń nu epo lára ẹ́ńjìnnì gbà lọ́wọ́ wọn? Ilé wo ló lé wọn kúrò nínú rẹ̀? Ojo ni wọ́n. Ẹni tó lágbára ni wọ́n bínú sí, ẹni tí kò ní nǹkan lọ́wọ́ ni wọ́n wá mú.”

Sidoris, àbúrò ọkọ rẹ̀, dìde lórí àga, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Ìyàwó wa, ẹ mú sùúrù. Ọlọ́run á yọ ọmọ yín.”

“Ọmọ mi? Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ mi ni?”

“Ẹ̀yin náà ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo ìlú ló gbọ́.”

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Ó di ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn mú bí ẹni di okùn mú.

Kápítéènì Leonis ló sọ̀rọ̀ láti igun. “Ẹ yéé da ara yín láàmú. Ẹ lè mọ̀ lọ́la. Ọkọ̀ tó wà ní èbúté tàbí nínú odò tí wọ́n gbẹ́ ní Súẹ́sì gbọ́dọ̀ ti rédíò rẹ̀ pa, òfin ni, ìyẹn lẹ ò ṣe tíì lè pè é. Lọ́la, ní agogo méjì ọ̀sán, á ti bọ́ sí Òkun Pupa. Ẹ pè é. Ọ̀kan nínú wọn á dáhùn.”

Ploumi ti ilé kọfí lọ sí ilé Loukia. Loukia ló ṣí ilẹ̀kùn, kò sì kúrò lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó Stamatis rẹ̀ jókòó sórí àga, ikùn rẹ̀ ti wọlẹ̀, ó ń hun aṣọ òtútù ọmọ.

“Agogo méjì ọ̀la la máa pe ọkọ̀,” ni Ploumi wí. “Ìwọ náà á wà níbẹ̀.”

“Mi ò lọ.”

“Wàá lọ.”

“Kí ni mo fẹ́ lọ gbọ́?” Loukia rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. “Títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, orí omi lọmọ mi wà. Bí mo bá jókòó sílé, orí omi ló máa wà lọ́la. Ẹ̀yin lẹ ní tiyín ni. Ẹ gbé e.”

“Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Lọ́dọ̀ mi, láàárọ̀, ọmọ mi ni wọ́n na ìbọn sí. Lọ́sàn-án, ọmọ rẹ ni. Méjèèjì ni wọ́n ń pa lójú mi. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, Loukia. Ṣé o fẹ́ gbọ́ àdúrà tí mo gbà?”

Loukia bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Ẹ má sọ ọ́,” ó wí. “Èmi náà gbà á.”

Ó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wà nílé ìfìwéránṣẹ́, ó wọ ẹ̀wù ọjọ́ ìsinmi, ó jókòó síbi tó jìnnà jù sí tẹlifóònù.

Ní Kardámila, kò sí ilé atukọ̀ tí kò ní rédíò tó lè gbọ́ ohùn ọkọ̀ ojú omi. Bí obìnrin kan bá pe ọkọ rẹ̀ lórí òkun, gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ọ. Wọn ò ka ìyẹn sí àfojúdi, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọmọ àdúgbò ṣì wà láàyè nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, gbogbo fèrèsé ló ṣí sílẹ̀, gbogbo rédíò ló sì wà lójú ìlà kan náà. Ilé kọfí pa ohùn tábìlì ayò.

Marigo pe ilé iṣẹ́ rédíò etíkun, ó fún wọn ní àmì ìpè ọkọ̀ náà láìwo ìwé. Ariwo bí ẹran tó ń dín nínú epo gba orí ìlà. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

“Ẹ rántí,” ni Marigo wí, “ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ti sọ tiyín, ẹ wí pé ‘mo parí’, kí ẹ tó gbọ́ tiwọn.”

“Stamatis Kouvaras ni mò ń wá,” ni Ploumi wí sínú tẹlifóònù. “Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín. Mo parí.”

“Ẹ dúró, mò ń lọ pè é. Mo parí.”

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ploumi ń wo aago ògiri. Loukia ń wo ilẹ̀. Ariwo ọ̀hún kò dá.

“Màmá?”

Kò nílò ọ̀rọ̀ kejì. Ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí ni. Ó fọwọ́ ti ògiri.

“Màmá, èmi ni. Mo ti kọ lẹ́tà, bóyá kò tíì dé. Èmi ni wọ́n ní kí n máa lọ. Mo fún un láyè mi. Kò sùn, kò jẹun, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ, mo ní kó máa lọ, èmi á lo oṣù mẹ́ta sí i. Kápítéènì ọkọ̀ wa ní orúkọ kan náà kúkú ni. Màmá, èmi ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èmi ni. Mo parí.”

Níta, láti ilé kan lókè òpópónà, obìnrin kan hó yèè fún ayọ̀. Igbe náà dá lójijì, bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Gbogbo ìlú ti gbọ́. Ayọ̀ kan náà ń gun Ploumi lọ́fun bọ̀. Ó gbé e mì, ó dùn ún bí ẹni gbé òkúta mì, ó sì kórìíra rẹ̀.

“Gbọ́ mi,” ó wí. “Ìwọ kọ́ lo gbé ìbọn. Àwọn tó gbé e ló jẹ̀bi, ilé iṣẹ́ yín tí kò jẹ́ ká mọ̀ náà jẹ̀bi, ìwọ ò ṣe nǹkan kan. Padà sídìí ẹ́ńjìnnì rẹ. Mo parí.”

Ó gbé e kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú méje. Ó yíjú. Loukia ti dìde dúró.

“Ẹ yọ̀,” ni Loukia wí.

“Loukia—”

“Ẹ yọ̀ ná! Kí ló ń dá yín dúró? Ẹ ti bá mi jìyà ọmọ mi fún ọjọ́ méjì, ó tó. Oṣù mẹ́rìnlá, àbí? Ọmọ ọmú ló ń ké, àbí?”

Ploumi na ọwọ́ láti dì í mú. Loukia tì í, ó tì í débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ lu káńtà, ó sì jáde. Sidoris ti ń sáré bọ̀ láti ilé kọfí. Lójú títì ni wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n jókòó sí nílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè tí bàálù náà wà já wọ inú rẹ̀. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà mọ́, wọ́n ju àdó olóró, àwọn ajínigbé náà ju tiwọn. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló kú, méjì nínú àwọn agbébọn náà wà nínú wọn. Stamatis Loukia ò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún lọ láti orúnkún, etí rẹ̀ kan ò sì gbọ́ nǹkan mọ́ títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, akọ̀wé Pireo pe ilé ìfìwéránṣẹ́. Marigo ránṣẹ́ sí Ploumi.

“Ìyá, a ti rí ìwé náà,” ni akọ̀wé wí. “Ọmọ Isidoros ni.”

“O kú iṣẹ́,” ni Ploumi wí. “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ kí o tó rántí orúkọ bàbá rẹ̀. Bàbá mélòó lo fi pamọ́ lọ́dún yìí? Ó yẹ kí wọ́n fún ọ ní oyè.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tó ń ti Pireo bọ̀ gbé Stamatis Loukia dé. Ọmọ tirẹ̀, obìnrin, ti lo ọjọ́ mẹ́rin láyé. Aṣojú ìjọba kan bá a wá, ó wọ kóòtù dúdú, ó sì dúró létí èbúté tó ń ka ìwé pé orílẹ̀-èdè ò ní gbàgbé, pé gbogbo ẹ̀ka ìjọba ló ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ploumi la àárín èrò kọjá dé iwájú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ìṣẹ́jú méje,” ó wí. “Ìṣẹ́jú méje ni obìnrin tí kò kàwé fi mọ ọmọ ẹni tó wà nínú bàálù yẹn. Ẹ̀yin pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka yín, ọjọ́ mẹ́rin. Kí lẹ ń ṣe?”

Ọkùnrin náà ní àkókò ìbéèrè kọ́ nìyẹn. Ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Àwọn kan ní kí Ploumi dákẹ́, pé ọjọ́ ayọ̀ ni, pé Stamatis méjèèjì kúkú wà láàyè, kí ló tún ń wá? Ó bi wọ́n bóyá wọ́n á fún ọmọ náà ní ẹsẹ̀ tiwọn. Ó wo apá ibi tí Loukia wà. Loukia di àga onítáyà ọmọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì yíjú.

Òpin oṣù kejì ni Stamatis Ploumi wọlé. Kò tíì mu omi tó fi ní òun ń lọ rí àbúrò òun kékeré, bó ṣe máa ń pe ọmọ Sidoris látìgbà èwe wọn. Ploumi bá a lọ. Ó gbé abọ́ ìpápánu dání. Látìgbà wàhálà yẹn, ó ti lọ sílé náà lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, kò sí ìkankan tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn.

Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ṣí i. Loukia wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà látòkè délẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

“Màmá kékeré, ẹ forí jì mí,” ni Stamatis wí.

“Wọlé,” ni Loukia wí. “Ó ti ń retí rẹ látàárọ̀. Ó ní ìwọ nìkan lo ò ní fi àánú bá òun sọ̀rọ̀.”

Ó wọlé. Ploumi gbé ẹsẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà. Loukia gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi apá dí ọ̀nà.

“Ẹ̀yin, ẹ dúró síta.”

Ilẹ̀kùn náà padé. Ojú ọ̀nà tutù, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́. Inú ń bí Ploumi: sí Loukia, sí àwọn mẹ́ta tí kò mọ orúkọ wọn, sí ọkùnrin oníkóòtù dúdú, sí ẹnu ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé Loukia jàre. Ìyẹn ò sì mú ìbínú náà fúyẹ́ rárá. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin méjì nínú ilé, lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí ọ̀kan rẹ́rìn-ín, kò mọ èwo. Ọmọ tuntun náà ń ké. Ó jókòó sórí ògiri kúkúrú níwájú ilé, ó di ìborùn rẹ̀ mọ́ra, kò kan ilẹ̀kùn, kò sì lọ sílé.